Ẹsẹ Orin Tó Kù Lẹ́nu Màmá Ojúọlá

Ilé Tíṣà Adéwuyì,
Ìlọrà.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 2025.

Fúnmilọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín láàyè àti nínú àlàáfíà. Ara tèmi náà le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ti orí fóònù.

O mọ̀ pé rédíò ìlú wa pé ọdún mẹ́wàá lóṣù yìí. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣa àwọn olórin àtijọ́ jọ, láti Fìdítì dé Akínmọ̀rìn, kí wọ́n máa kọrin lórí afẹ́fẹ́ títí di Sátidé tí ayẹyẹ gan-an yóò wáyé. Èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ Màmá Ojúọlá, tí wọ́n máa ń gberin fún Ṣàmsúdéènì alágídìgbo nígbà èwe wa.

Ìwọ kò bá Ṣàmsúdéènì láyé. Ó kọrin bú olóyè kan tó gba ilẹ̀ oko mọ́ àwọn aráàlú lọ́wọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi bá òkú rẹ̀ nínú kànga lójú ọ̀nà oko. Wọ́n ní ọtí ló mu yó. Bẹ́ẹ̀ Ṣàmsúdéènì kì í fẹnu kan ọtí. Gbogbo wa mọ̀, gbogbo wa dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá kọ orin náà nílé-iṣẹ́ rédíò, ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọdún. Olóyè yẹn ti darúgbó, òun sì ni alága ayẹyẹ wa. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde, ó bi Màmá pé ṣé wọ́n ṣì rántí orin yẹn ni.

“Mo rántí,” ni Màmá wí. “Ó ku ẹsẹ kan tí n kò tíì kọ síta rí. Ẹ óò gbọ́ ọ ní Sátidé.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni mọ́tò dúdú kan tí kò ní nọ́ńbà ti ń dúró síwájú ilé Màmá. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀, wọn kì í kí èèyàn. Láàárọ̀ àná, adìẹ Màmá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la bá nínú kànga ẹ̀yìnkùlé wọn. Mo gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ bi mí pé ta ni mo fẹ́ fẹ̀sùn kàn, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo bá kó Màmá wá sílé wa. Yàrá rẹ ni wọ́n wà.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹsẹ orin náà sílẹ̀. Wọ́n ní:

“Tíṣà, ìwọ náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Kí lo sọ?”

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ wọn ni n óò jókòó sí ní Sátidé. Ìwọ má wá sílé fún ayẹyẹ náà bí a ti jọ sọ. Ohunkóhun tí o bá gbọ́, dúró sí Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O kò ní fojú sunkún àwọn ọmọ rẹ. Ilé rẹ yóò tòrò.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Solomon Adéwuyì.

Mo tún rántí fi èyí kún un: Olúbùkọ́lá tó ń ṣe ètò lórí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí. Ó ní wọ́n ti yọ orúkọ Màmá kúrò nínú àwọn tí yóò kọrin. Màmá gbọ́. Aṣọ tí wọn óò wọ̀ ní Sátidé ni wọ́n ń lọ̀ lọ́wọ́.