Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Wà Nínú Báàgì Mi

Bàbá Ìbídùnní,

Ẹ má wulẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó wà nínú báàgì mi. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ sí Ìlọrin.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń tún inú mọ́tò ṣe, mo rí ìwé ìnṣọ́ránsì. Ẹ lẹ sítíkà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bo déètì rẹ̀, ẹ rò pé kò sí ọlọ́pàá tó máa láyà láti bó orúkọ Jésù kúrò. Èmi bó o. Ọjọ́ rẹ̀ ti pé láti oṣù kẹta, a sì ń fi mọ́tò yẹn kó ẹgbẹ́ akọrin lọ Odò-Ọwá!

Mo mọ̀ pé owó ló bà yín lẹ́rù. Ọkùnrin ìnṣọ́ránsì sọ fún wa pé ẹni tó bá ti kọlu nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, ìlọ́po méjì ló máa san. Ẹ kọlu afárá, ẹ pa ewúrẹ́, ẹ wó ògiri ilé ìdáná Màmá Olóyèdé. Ṣùgbọ́n ó tún ní bí ẹni tí kò kọlu nǹkan rí bá ń wà á, owó máa wálẹ̀, kìkì pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdarí mọ́tò náà. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo ti yọ láísẹ́ǹsì mi tí ẹ ní kí n fi sísàlẹ̀ àpótí. Orúkọ mi ni màá kọ sínú ìwé ìnṣọ́ránsì tuntun ní Ìlọrin.

Iṣu wà nínú ìkòkò. Ẹ má bínú pé n kò dúró kí ẹ ti oko dé. Ẹ ò bá dá mi dúró ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ tètè múra. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún mi pé dírẹ́bà kì í dúró de èrò.

Susanna