Bàtà Tí Kò Gba Màámi Mọ́

Màámi Agafia, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ létí odò Kuskokwim. Ọdún mẹ́rin! Ó dà bí àná, ó sì ti jìnnà.

Ẹ gbọ́ ìròyìn ilé. Ẹ̀gbọ́n mi Wassillie ti parí ilé tí ẹ bá a bẹ̀rẹ̀. Orí òpó gíga ló gbé e lé, torí pé odò ń jẹ ilẹ̀ wa lọ́dọọdún. Ahéré tí ẹ ti ń yan ẹja ti wó sómi, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ òmíràn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹja sámọ́ọ̀nù ńláńlá tí ẹ fẹ́ràn kò pọ̀ mọ́. Èyí tó bá bọ́ sáwọ̀n náà ló ń yan, kò jẹ́ kí iná yín kú.

Èmi kò sí níbẹ̀ mọ́, Màámi. Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti kó wá sí ìlú ńlá Anchorage. Bàbá àwọn ọmọ ríṣẹ́ ẹrù kíkó ní pápákọ̀ òfurufú, mo sì búra fún gbogbo abúlé pé ọdún kan péré la máa lò. Ọdún kan ọ̀hún ti bímọ.

Ilé alájà mẹ́ta là ń gbé, a ò mọ ẹni tó ń rìn lórí wa. Lọ́jọ́ tí mo ṣí òróró séálì, ẹran inú òkun, tí Wassillie fi ránṣẹ́, obìnrin òkè pe onílé pé eku kú sínú ògiri. Onílé fi imú wá ilé kiri títí ó fi dúró síwájú ìgò mi. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún. Látìgbà náà, inú balùwẹ̀ ni mo ti ń fi ẹja gbígbẹ tọ́ òróró lá, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Ọmọ mi àgbà, Evon, ti ga jù mí lọ. Ó ṣì gbọ́ èdè wa, àmọ́ èèbó ló fi ń dá mi lóhùn.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin yín ni ìyàwó Wassillie bí obìnrin. A ò ronú orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lẹ́yìn òkú ló ń jẹ́ orúkọ òkú, òun náà sì ni. A fi omi tọ́ ọmọ lẹ́nu, a pe orúkọ tí ẹ ń jẹ́ ní èdè wa sí i létí: Arnaucuaq. Mo gbé yín mọ́ra, mo ní, ẹ káàbọ̀, Màámi. Wassillie tí kì í sunkún ní òun ń lọ wo àwọn ajá. Tí ẹ bá wá ké títí, á ní ẹ ti pariwo mọ́ òun tó nílé ayé àkọ́kọ́, kí ni ẹ tún padà wá fún?

Ohun tí a bá fẹ́ fún òkú, ọmọ yìí là ń fún. Ẹ̀wù tó bá wọ̀, ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́. Ẹni tó kúrò ní abúlé wa máa ń fi sàréè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ni. Èmi fi ìyá mi gan-an sílẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́wàá.

Nínú oṣù Kọkànlá, mo ra bàtà òtútù fún yín, pupa, onírun nínú, torí pé ẹsẹ̀ yín kì í fẹ́ òtútù. Mo fojú inú wọn ẹsẹ̀ yín. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú já a sílẹ̀ lábúlé, Wassillie pè mí.

“Olinka, bàtà yìí ò gbà wọ́n o. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló wọlé.”

Mo ní bóyá wọ́n ṣi nọ́ńbà kọ sí i ni.

“Wọn ò ṣì í. Màámi ti dàgbà ni. Ìwọ lo ò sí ńlé.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní kó gbé fóònù sí yín létí. Mo gbọ́ mímí yín. Mo ní, “Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?” Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹ bi Wassillie.

“Ta nìyẹn?”

Ìyá tó bí mi!

Mo ní màá wá nígbà ooru. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ooru tó kọjá, àti èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Màámi, àárò yín ń sọ wá. A fẹ́ràn yín, a ò yé fẹ́ràn yín rí. Àwọn ẹlòmíì máa ń ṣèlérí fún òkú wọn lọ́jọ́ ìrántí bí òní pé àwọn ò ní gbàgbé. Èmi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Olinka ni mí, àbíkẹ́yìn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mi.