Omi Abà Èṣùgbàyí

                                        Ilé Ìgbẹ̀bí,
                                        Kpankou, ní Kétu,
                                        Dahomey.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1964.

Marguerite, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, mo kí ọ kú ariwo ọmọ ilé-ìwé, mo sì kí ọ kú ìtọ́jú ilé. Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Clémence ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti hù padà, àbí ó ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín? Gbogbo ará Pobè ńkọ́? Bí o bá bi mí léèrè, ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa, ìwọ náà mọ̀ pé n kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ọkàn mi nìkan ni kò tíì balẹ̀.

Mo ti jókòó kọ lẹ́tà yìí tẹ́lẹ̀, mo sì fà á ya, nítorí bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ẹnu tún ń yà mí. Jẹ́ kí n rọra bẹ̀rẹ̀.

O rántí Abà Èṣùgbàyí tí mo sọ fún ọ ní èṣí, abúlé kékeré àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà lẹ́yìn Kpankou níhìn-ín. Àwọn bàbá wọn ló gòkè wá láti ilẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì tẹ̀dó síbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, torí pé kò sí omi níbẹ̀. O mọ bí àwa ará Kétu ṣe máa ń sọ̀rọ̀ wọn. A ní Ọ̀họ̀rí kì í gbọ́ràn, a ní wọn ò fẹ́ ilé-ìwé, a ní wọn ò fẹ́ ìjọba. Èmi náà ti bá wọn sọ ọ́ rí kí n tó mọ̀ wọ́n. Adágún kan ní ìsàlẹ̀ igbó ni wọ́n ti ń pọnmi. Obìnrin tó bá jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó padà. Inú omi yẹn gan-an ni sòbìà wà. Èèyàn á mu ún lónìí, á gbàgbé, tó bá di àmọ́dún, sòbìà á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lásìkò tó yẹ kó wà lóko. Oko á wà níbẹ̀, àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀, ebi á sì wọlé tọ̀ wọ́n. Báyìí ni ìṣẹ́ ṣe ń bá wọn gbé láti ọdún dé ọdún.

Lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni ìjọba rán Mẹ̀síyè Théophile wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wé, tí ọ̀rọ̀ abúlé sì jẹ lógún. Ó ní ìṣẹ́ kì í tán lọ́jọ́ kan, pé ètò ọlọ́dún gbọọrọ ni òun gbé wá: omi ni yóò ṣáájú, ilé-ìwé yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀nà tó dé ọjà Kétu, lẹ́yìn náà irúgbìn tó dára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, àwọn ará abà tú jáde, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n gbẹ́ kòtò omi ńlá, a fi simẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀, a sì kọ́ àtíbàbà onípáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa gba omi òjò sínú kòtò. Bùrò ìjọba tí Théophile ti ń ṣiṣẹ́ ló fún wa ní simẹ́ńtì àti páànù. Théophile tún fi ìrẹsì àti ẹ̀wà ránṣẹ́, ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ebi ṣe é.

Èmi ni mo sè é, Marguerite. Mo da iná síbẹ̀ láàárọ̀, mo ro ẹ̀wà títí apá fi ń ro mí. Àwọn obìnrin abà gbé ìkòkò tiwọn wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ sè, mo ní kí wọ́n lọ sinmi, pé iṣẹ́ oko wọn pọ̀ tó. Mo rò pé mò ń ṣàánú wọn ni. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mò ń ṣèyàwó. Simẹ́ńtì náà kò tíì gbẹ tán tí wọ́n fi pè mí lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Àjàṣẹ́, ìwọ lo bá mi gbé àpótí wọ ọkọ̀.

Oṣù tó kọjá ni mo padà dé. Kí n tó tú ẹrù mi tán ni mo gba ọ̀nà abà lọ, torí pé ó ń wù mí láti rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń pọnmi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Fọláyan ni mo kọ́kọ́ pàdé, aya ọ̀dọ́ kan tí èmi gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó tún ti lóyún, oyún náà sì ti yọ dáadáa. Ó fi ewé di ojú sòbìà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tiro bọ̀ láti ọ̀nà adágún, ìkòkò tó kún fún omi wà lórí rẹ̀. Mo bi í bóyá kòtò omi ti gbẹ ni. Ó ní rárá o, ó kún. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo lọ wò ó. Wọ́n ti fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà sún mọ́ ọn. Wọ́n ti gbá abẹ́ páànù mọ́ tónítóní, wọ́n sì gbé òkúta lé ìdérí. Baálẹ̀ wọn, Bàbá Èṣùgbàyí, jókòó síbẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Ó ṣí i fún mi. Omi tó mọ́ gaara kún dé ọrùn kòtò, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Bàbá ní, “Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Agbẹ̀bí. Omi yín rèé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.”

Mo ní omi mi báwo. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tí kò gbọ́ èdè. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹ sè, a jẹ, a ṣiṣẹ́ yín fún yín. Ẹni tó bá sè ló ni iṣẹ́.”

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ṣebí àwa náà ń bẹ ọ̀wẹ̀ ní Kétu. Bí bàbá mi bá fẹ́ bo ilé, yóò pe àwọn èèyàn, ìyá mi yóò sè, wọn yóò bo ilé, wọn yóò jẹ, wọn yóò lọ. Ta ló wá kó ẹrù wọ inú ilé náà lọ́jọ́ kejì pé òun ló bá wọn bò ó? Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá lọ́jọ́ tí mo lé ìkòkò àwọn obìnrin yẹn padà. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi ránṣẹ́ sí mi. Bàbá ní ṣé kí àwọn ránṣẹ́ tọrọ ohun tí n kò fi lọ̀ wọ́n ni?

A máa ń ní omi ò lọ́tàá. Omi tí kò lọ́tàá yìí ni gbogbo abà ń wò láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bu omi sòbìà mu. Nítorí òótọ́ inú ni, kì í ṣe nítorí agídí. Mo sunkún, n kò sì tijú láti sọ fún ọ.

Mo ní ó dáa, mo fún wọn lómi náà ní ojú ẹsẹ̀. Bàbá Èṣùgbàyí mi orí. Ó ní ohun tí a bá fi tọrẹ fún èèyàn, bó bá bàjẹ́, ojú olóhun là ń wò. Lọ́jọ́ tí páànù bá dógùn-ún, Kpankou ni wọn yóò tún sáré wá bá mi, lọ́jọ́ tí mo bá sì kú, omi kú nìyẹn. Marguerite, gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní Àjàṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àwa la sì ti ń pè wọ́n ní olóríkunkun láti ọjọ́ yìí.

Èyí tó tún dẹ́rù bà mí ni pé Théophile ti wá síbẹ̀ kí n tó dé. Ó rí omi tó kún, ó rí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, inú bí i, kò béèrè nǹkan kan. Ó ti pinnu pé àwọn Ọ̀họ̀rí kò fẹ́ ìlọsíwájú, pé ní òpin oṣù yìí òun yóò wá tú páànù náà, òun yóò sì kó simẹ́ńtì ilé-ìwé wọn lọ fún àwọn mìíràn tó mọyì rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a ní Kétu. Ó kọ́kọ́ jágbe mọ́ mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń wò ó lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ra ìrẹsì yẹn, o rántí.

Bàbá Èṣùgbàyí ló wá là wá lọ́yẹ̀. Ó ní ẹnu kòtò kò ga tó, pé bí òjò bá dé, ẹrẹ̀ yóò máa ṣàn wọ̀ ọ́. Àwọn ará abà ni yóò bẹ ọ̀wẹ̀ láti mọ ọ́n sókè, àwọn obìnrin wọn ni yóò sè, èmi àti Théophile ni yóò wá ṣiṣẹ́ fún wọn, omi yóò sì di tiwọn. Théophile tún fẹ́ gbé àpò ìrẹsì bọ̀, àṣà ò kúrò lára rẹ̀. Mo ní bí mo bá rí ẹyọ ìrẹsì kan lọ́wọ́ rẹ̀, èmi àti òun ni.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá la ṣe é. Wò ó, mo rí ọ̀gá bùrò tó bọ́ bàtà, tó ru amọ̀ lórí, tí amọ̀ ń kán sínú kọ́là rẹ̀, tí àwọn obìnrin ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ń po amọ̀. Àwọn obìnrin ro ọ̀kà àgbàdo, wọ́n se ọbẹ̀ ilá. Mo gbàgbé ara mi, mo na ọwọ́ sí orógùn, Fọláyan sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi. A ṣiṣẹ́, a jẹ oúnjẹ wọn, a dúpẹ́, a sì lọ ilé wa, bí ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Síbẹ̀ n kò lè sùn dáadáa. Sòbìà inú omi adágún tí wọ́n mu ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí ti wà nínú wọn, àmọ́dún ni yóò jáde, kò sì sí oògùn tí mo lè fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Jọ̀ọ́, bá mi ṣa aṣọ funfun àlòkù jọ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, kí n ní ohun tí n ó fi máa di egbò nígbà náà.

Láàárọ̀ yìí mo lọ wo oyún Fọláyan. Òùngbẹ ń gbẹ mí nígbà tí mo dé, mo sì gba ọ̀nà kòtò lọ tààrà, mo mú igbá, mo fẹ́ bu omi. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò wọn, Fọláyan wà láàárín wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí mo di. Ó fi sùúrù gba igbá lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tò sẹ́yìn. Àwa tá a lomi là ń pọn ọ́n lọ́wọ́.” Mo tò sẹ́yìn. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bá mi kí Bàbá, bá mi fi ẹnu ko Clémence lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o sì sọ fún àwọn tó ń bú Ọ̀họ̀rí lójú rẹ pé kí wọ́n wá bá mi ní Kpankou. Mò ń retí ìwé rẹ àti aṣọ náà.

                                        Èmi ni tìrẹ, tí kò ní kòtò omi mọ́,

                                        Albertine.