Òṣùwọ̀n Tó Dá Agogo Ìkìlọ̀ Dúró

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Ekete,
                                        Warri,
                                        Ìpínlẹ̀ Delta.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2008.

Àbúrò mi Yẹ̀kínì, ọmọ ìyá mi,

Báwo ni ara ti ń ṣe ọ́? Ṣé egbò ọwọ́ ọ̀tún náà ti ń gbẹ, àbí ó ṣì ń jẹ ọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú? Àbẹ̀kẹ́ aya rẹ ńkọ́, àti Mùsbáù ọmọ wa? Ṣé Ṣàgámù ti ń bá wọn lára mu? Gbogbo wa níbí wà láàyè. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Àwọn ọmọ ń béèrè rẹ lédè Warri tí wọ́n fi ń dá mi lóhùn nígbàkígbà tí mo bá sọ Yorùbá sí wọn. Àbígbẹ̀yìn ní, "Uncle Yẹ̀kínì go still come back?" Kónílé-ó-gbélé ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ṣójà ṣì wà ní oríta. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kọjá.

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn pé n kò kọ̀wé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sílé. Má bínú. Mo ti búra pé lọ́jọ́ tí n óò bá kọ̀wé sí ọ, orúkọ ẹni tó kó ọ sínú iná ni n óò kọ sínú rẹ̀. Orúkọ náà rèé: Akínsànmí.

Bẹ́ẹ̀ ni, Akínsànmí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ogunu, tí ilé-iṣẹ́ gbé wá láti Èkó, tí a sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ọkọ mi mú mi wọ̀. Òun ló dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ní agogo ìkìlọ̀ dún sí ọ ní ibùdó lójú odò ní kété tí àwọn ọmọ kíríìkì, àwọn ajìjàgbara inú irà, fọ́ páìpù, pé ìwọ tó yẹ kí o pa ẹ̀rọ tó ń ti epo lo sùn, tí epo fi gbiná. Òun náà ló wá kí mi nílé lẹ́yìn tí wọ́n lé ọ kúrò níṣẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà fún ọ, mo sì ṣe àmín. Mo se ìrẹsì fún un, Yẹ̀kínì. Mo bu ẹran sí i.

Ìwọ sọ fún wọn pé agogo kò dún títí iná fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Wọn kò gbà ọ́ gbọ́, nítorí kọ̀ǹpútà wa ní Ogunu ní òun lu agogo lójú ẹsẹ̀. Èmi gbà ọ́ gbọ́. Yàrá kan náà la ti jọ dàgbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wa, mo sì mọ̀ pé o kì í lè sùn níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń pariwo. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí kọ̀ǹpútà ṣe lè purọ́. Ìyẹn ni mo dìde láti wá.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ó lè yé Àbẹ̀kẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ páìpù ní ètò kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí àwa ẹnjiníà ń pè ní kánẹ́lì. Òun ló ń pín àyè fún gbogbo iṣẹ́ yòókù: ìwọ bọ́ síwájú, ìwọ dúró ná. Kí iná yẹn tó ṣẹlẹ̀, Akínsànmí kọ òṣùwọ̀n kan sínú kánẹ́lì yìí, kí ó lè máa wo bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó. Àwọn ọ̀gá yìn ín gidigidi. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá tòrò, òṣùwọ̀n náà kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó fura sí i.

Èmi náà kò kọ́kọ́ fura sí i. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ rédíò wò, mo yẹ ètò tó ń lu agogo wò; gbogbo wọn ló dá ṣáká. Obadiah, ọmọ Warri tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wá bá mi wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó jọ èyí tó ń ṣọ́ páìpù. A da gbogbo ìròyìn ọjọ́ iná náà sí i bó ṣe wọlé gan-an lọ́jọ́ náà. Kọ̀ǹpútà ní òun ti lu agogo. Etí wa kò gbọ́ nǹkan kan. Obadiah dìde, ó lọ bu omi mu, ó padà wá jókòó, kí agogo náà tó dún. Ó wò mí, ó ní, "Dis machine dey lie with clean mouth."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí aago tiẹ̀ lè máa wò ó láti ìta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò nínú kánẹ́lì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yọ òṣùwọ̀n Akínsànmí, agogo dún kí n tó mí. Mo dá a padà, agogo tún pẹ́. Mo wá jókòó ka ohun tó kọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Àṣé bí ìròyìn kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, òṣùwọ̀n yìí a ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo iṣẹ́ yòókù títí yóò fi kọ tirẹ̀ tán, aago inú ẹ̀rọ náà gan-an a sì dákẹ́. Lọ́jọ́ tí páìpù fọ́, gbogbo ojú páìpù, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ránṣẹ́ láti ara rẹ̀, ló kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣùwọ̀n ń ti ilẹ̀kùn, ó ń ṣí i, ó tún ń tì í, agogo rẹ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Níwọ̀n ìgbà tí aago sì ti dákẹ́, kò sí ohun tó ka àkókò tí iná fi ń bọ̀ wá bá ọ.

Mo yọ òṣùwọ̀n náà kúrò lára ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ páìpù lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọmọ ẹlòmíràn wà lójú odò báyìí. Obadiah ní kí n lọ sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo ní rárá. Gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ rẹ jẹ́. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Mo ń kí Akínsànmí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín tí mo ń rín sí i nígbà náà, èmi gan-an bẹ̀rù rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyáàfin Agatha, ọ̀gá àgbà wa, wá láti Èkó. Wọ́n fẹ́ gbé Akínsànmí lọ sọ́hùn-ún láti ṣe olórí gbogbo ẹnjiníà kọ̀ǹpútà. Akínsànmí wọ kóòtù àti táì wá sípàdé. Ó ṣàlàyé òṣùwọ̀n rẹ̀, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ìròyìn ọjọ́ iná náà dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ṣì ní òṣùwọ̀n náà nínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Ó dá a lójú pé ẹ̀rọ yóò sọ ohun tó sọ fún ìgbìmọ̀.

Ẹ̀rọ sọ ọ́ lóòótọ́. Ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé agogo ti dún. Agogo kò tíì dún. Ìyáàfin Agatha wo Akínsànmí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo Akínsànmí. Nígbà tí agogo náà wá dún, ẹnì kan ta gìrì lórí àga.

Mo ní, "Akínsànmí, ta ló sùn?"

Ó fẹ́ fi gẹ̀ẹ́sì ńlá yí ọ̀rọ̀ náà po, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Agatha dá a lẹ́kun. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ ló ń dá agogo dúró. Akínsànmí wolẹ̀, ó ní òun fura. Ìyáàfin náà bi í pé ìgbà wo ló fura.

"Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó."

Yẹ̀kínì, mo ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí kí n tó mọ̀. Obadiah ló dì mí mú, tó ń sọ ọ́ sí mi létí pé, "Leave am, my sister. E don fall finish."

Wọ́n lé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìwé tí yóò wẹ orúkọ rẹ mọ́ ń bọ̀ láti Èkó, ilé-iṣẹ́ yóò sì san owó ìtọ́jú rẹ pátápátá. Ìyàwó Akínsànmí wá sí Ekete, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo wò ó láti ojú fèrèsé títí ó fi dìde lọ. Lọ́jọ́ kejì ọkọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́ ni òun yóò ṣe. Mo ní kí ó lọ sí Ṣàgámù lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, kí ó dúró lójúde bàbá wa, kí ó sọ ohun tó ṣe níṣojú àwọn aládùúgbò tó ń fi ọ́ ṣẹ̀rín. Ó gbà.

Bá mi kí Àbẹ̀kẹ́ dáadáa, kí o gbá Mùsbáù mọ́ra fún mi. Kí àwọn àgbà ilé, kí o sì bẹ Lèmọ́mù kí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí Akínsànmí bá dé, ẹ má fún un ní àga. Ẹ má fún un lómi títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán, kí ó sì sọ ọ́ sókè kí wọ́n gbọ́ ọ dé òdìkejì títì.

Mo rò pé bí mo bá ti rẹ́yìn rẹ̀, ọkàn mi yóò rọ̀. Kò rọ̀. Láti kékeré ni ìwọ ti láàánú jù mí lọ, mo sì mọ̀ ọ́. Ìwọ lo jóná, ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà. Bí o bá dárí jì í, má sọ fún mi.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé,
Ìyádùnní.