Èmi ni mo kọ orin tí wọ́n fi bú ọkọ mi ní pápá bọ́ọ̀lù

Ẹ fi orúkọ mi pamọ́ o, torí ọlọ́pàá ni ọkọ mi, ọ̀gá sì ni ní tẹ́ṣàn wa lápá Ṣakí níbí. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ti wọ jẹ́sì, jàǹdùkú ni. Lọ́jọ́ tá a gbá góòlù wọlé Àgọ́-Àrẹ, táwọn sọpọ́tà wa ń jó, ó ní kí wọ́n yin tajútajú sí wọn. Nítorí ijó! Mo bi í nílé pé kí ni wọ́n ṣe, ó ní tíṣà ni mí, kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD, kí n fi jàǹdùkú sílẹ̀ fóun. Ṣé ẹ̀yin ò ní bínú?

Mo bá jókòó, mo kọ orin... ó sì dùn, kí n má purọ́. "Ọ̀gá tó ń lé wa kiri, ọmọnílé ló ń lé e nílé!" Òótọ́ ni o. Akọni tó ń fi kòbókò tú èrò ká, bó bá rí ọmọnílé lára ògiri, orí àga ló ń gùn, èmi ni mo máa ń fi ìgbálẹ̀ gbà á sílẹ̀. Èmi àti àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nìkan la mọ̀. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí mi ò jẹ́ pe ọmọ ilé ọkọ mi lórúkọ. Sọpọ́tà paraku ni, òun ni mo sì fún lórin náà.

Ní Sọ́ńdè, gbogbo pápá ló gbé e. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn ń fi fìlà bojú rẹ́rìn-ín! Ọkọ mi ò wo ibòmíràn, àbúrò rẹ̀ ló wọ́ jáde láàárín èrò, ó nà án, ó tì í mọ́lé. Ó ní àfi kó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ òun kó jẹ́wọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, kóòtù, pé ó fẹ́ dá ìlú rú. Mo gbé oúnjẹ lọ bá Akọ̀wé ní àtìmọ́lé, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má dá sí i o, ilé yín ló máa tú." Ó tún wá ń bi mí bóyá mo ti kọ ẹsẹ̀ kejì... Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Ìyá ọkọ mi ti dé láti Ìgbòho, ó ń ké pé ọmọ òun ti ọmọ òun mọ́lé. Akọ̀wé ò kúnlẹ̀, ọ̀la sì ni kóòtù. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún ọkọ mi nílé, ó lè pa á mọ́ra, kó ṣì gbé Akọ̀wé lọ sí kóòtù kójú má bàa tì í. Tí mo bá sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn, lójú gbogbo wọn, yóò tú u sílẹ̀ dandan... ṣùgbọ́n ṣé màá tún rílé ọkọ padà sí? Nílé ni àbí ní tẹ́ṣàn? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin èèyàn mi, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí.