Màmá Kíláàsì àti Ọ̀wọ̀ Tó Pa Wọ́n Lára

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá bá wa sin ìyá wa, a kí yín, a sì dúpẹ́. Ọdún 1955 ni a bí Màmá, sínú yàrá kan ṣoṣo tó kọ ẹ̀yìn sí ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti máa ń jí ọmọ tuntun kí ebi tó jí i. Àwọn ni àkọ́bí àwọn òbí wọn. Bàbá wọn ń tún aago ṣe. Aago kún ara ògiri yàrá náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ aago tó lù nínú ilé, nítorí aago tó bàjẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá wọn ni alágbàfọ̀ àdúgbò, obìnrin tí ọṣẹ ti jẹ lọ́wọ́, tí kì í sì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ tó dọ̀tí jáde.

Màmá ni wọ́n máa ń rán láti gbé aṣọ tó ti mọ́ lọ fún àwọn tó ni ín. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni alágbàfọ̀ máa ń gbà wọlé, púpọ̀ nínú àwọn ilé náà sì jẹ́ ilé àwọn ọmọ tí Màmá bá wà ní kíláàsì. Wọ́n sọ fún wa pé bí àwọn bá ti gbọ́ ohùn ọmọ tí àwọn mọ̀, ẹ̀yìn táǹkì omi ni àwọn máa ń sá sí, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ lórí, títí ọmọ náà á fi lọ. "Ẹ̀mí mi gba ebi, kò gba ìtìjú," ni wọ́n máa ń wí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé bí àwọn bá dàgbà, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ náà ni àwọn máa ṣe, ṣùgbọ́n iwájú ilé ni àwọn oníbàárà á máa gbà wọlé, pátákó á sì wà lókè ilẹ̀kùn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n wà tí ojú bàbá wọn fi di bàìbàì, tí kò rí ọwọ́ aago mọ́, ni ilé ìwé bá dópin. Màmá gba iṣẹ́ sí yàrá aṣọ ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń ká a. Ọdún 1977 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè ní Rọra-Dé nítorí pé wọn kì í sáré. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá wa ṣáájú Màmá lọ ní ọdún 2001.

Ní ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì ti jókòó ṣe ìdánwò tí wọn kò ṣe nígbà èwe, Màmá wọ yunifásítì láti kọ́ nípa dídá òwò sílẹ̀. Àwa ọmọ wọn kọ́kọ́ rò pé eré ni. A ní kí wọ́n kúkú gba ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n máa fọṣọ. Wọ́n ní, "Mo mọ aṣọ í fọ̀. N kò mọ òwò í ṣe. N kò fẹ́ fi àìmọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo ti ń rò láti kékeré."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí Màmá ṣe wọ kíláàsì ni gbogbo àwọn ọmọ náà dìde, tí wọ́n kí wọn ní ohùn kan. Olùkọ́ ni àwọn ọmọ náà rò pé wọ́n jẹ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìwé lọ́wọ́, ojú gbà wọ́n tì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń pè wọ́n ní Màmá Kíláàsì. Àga iwájú, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ dáadáa, di tiwọn. Bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè, ì báà tọ̀nà, ì báà má tọ̀nà, "Ẹ ṣeun, Màmá" ni wọ́n máa gbọ́. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò ju ẹgbẹ́ ọmọ wọn kejì lọ, ó sì máa ń tẹrí ba kó tó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó dùn mọ́ Màmá nínú, kí a má parọ́. Ọmọ alágbàfọ̀ tó ń sá sẹ́yìn táǹkì ni gbogbo kíláàsì ń dìde fún.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti gbé ètò òwò tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kí àwọn tó kù sì wá ibi tó kù sí, kí wọ́n tú u palẹ̀. Wọ́n tú ètò ọmọbìnrin kan tó fẹ́ máa ṣe bàtà palẹ̀ títí ó fi bú sẹ́kún. Ìgbà tó kan Màmá, wọ́n lẹ àwòrán ibi tí wọ́n fẹ́ gbà mọ́ ara ògiri. Àgbàlá fífẹ̀ ni, tí oòrùn ń pa dáadáa, tí okùn aṣọ á lè nà láti òpin dé òpin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ya ilé ńlá kan sí, wọ́n sì kọ "àwọn tó ń ta pákó" sí i lára. Ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìjọsìn, ni Màmá ti lọ wo ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn kò mọ̀ pé ilé ìlagi ni. Ṣùgbọ́n ìdajì kíláàsì ló máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ọ̀sẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ bo imú nítorí lẹ́búlẹ́bú pákó.

Ẹnì kan wúkọ́. Olùkọ́ wo àwòrán náà, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ní ìbéèrè fún Màmá?" Àwọn ọmọ náà ní, "Rárá, sà. Ó dáa gan-an." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Máàkì tó ga jù ni olùkọ́ fún wọn. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ìyá wa béèrè, wọ́n sì ṣìnà, nítorí pé ewú orí wọn ni àwọn tí wọ́n bi léèrè ń wò.

Ọdún 2007 ni Màmá ṣí ilé ìfọṣọ náà. Òtẹ́ẹ̀lì kan kó aṣọ ibùsùn funfun wá, Màmá fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì sá a sórí okùn títí àgbàlá fi funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìgbà náà ni ayùn ilé ìlagi ẹ̀gbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó sì bo aṣọ náà. Màmá lọ̀ ọ́, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tún un fọ̀, asán ni. Àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì họra títí ilẹ̀ fi mọ́. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kó aṣọ náà padà wá, ó na ọ̀kan síta lójú gbogbo àdúgbò, ó sì gbọ̀n ọ́n sí ẹsẹ̀ Màmá. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa aṣọ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín àwọn tó ń wò, ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́ ni. Ó bá wọn ṣa aṣọ nílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. A mọ̀ nígbà yẹn."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé ilé ìlagi ni. Gbogbo wa la mọ̀, Màmá. Ta ló máa wá sọ ọ́ lójú yín?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun ìyá wa ju ohun tí máníjà ṣe lọ. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọn kò lọ ìjọsìn, wọn kò gba àlejò. Wọ́n ń rántí ìpàtẹ́wọ́ yẹn, wọ́n sì ń ronú pé bóyá gbogbo "ẹ ṣeun, Màmá" ni ẹ̀rín wà lábẹ́ rẹ̀. "Ikú yá ju ẹ̀sín," ni wọ́n ń tún sọ. Ìtìjú náà dé ọ̀dọ̀ àwa náà, nítorí a ti rí àwòrán yẹn lórí tábìlì ilé wa, a sì ti sọ pé ó lẹ́wà.

Nígbà tó yá, Màmá dìde, wọ́n lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó rí ilé ìlagi nínú àwòrán. Kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Mo rí i, Màmá. Ẹ jọ ìyá mi ni."

Màmá ní, "Bí ìyá rẹ bá ń rìn lọ sínú kòtò, ṣé ìkíni lo máa kí i ni?"

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Màmá padà sí kíláàsì náà, láàárín àwọn ọmọ tuntun, wọ́n sì tún ẹ̀kọ́ ọdún tó kẹ́yìn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àga ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá pàtẹ́wọ́ fún àwọn láìwádìí, ọ̀tá àwọn ni. Àwọn ọmọ náà tú ètò wọn palẹ̀ láìṣojúsàájú, olùkọ́ sì jẹ́ kí wọ́n fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́. Màmá sunkún lójú gbogbo wọn. Ní ọdún 2009 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo yín mọ̀, ní òpópónà àwọn aránṣọ, ilẹ̀kùn níwájú, pátákó lókè. Ó dúró dòní. Síbẹ̀, ìtìjú yẹn kò tán. Títí ayé wọn, ọ̀nà tó jìn ni wọ́n máa ń gbà kí wọ́n má bàa kọjá níwájú ilé ìlagi, bí wọ́n bá sì gbọ́ ìró ayùn níbikíbi, wọ́n á dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.

Ní ilé ìjọsìn, Màmá ló ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àdúgbò, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ máa ń wá sọ èrò ọkàn wọn fún wọn, èyí tó rójú gbọ́ òótọ́ wọn sì jèrè. Ẹnì kan fẹ́ máa ta yìnyín. Màmá bi í léèrè ibi tó fẹ́ lò, ó ní iwájú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe yìnyín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orí rẹ ni kí o kọ́kọ́ fi yìnyín lé." Ọmọ náà bínú lọ, ó sì padà wá dúpẹ́.

Ní ọdún tó kọjá ni àìsàn dé. Dókítà pe àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń bá wọn bójú tó ṣọ́ọ̀bù, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó sì sọ òótọ́ fún un, pé kò sí ohun tí oògùn lè ṣe mọ́. Ó nu ojú, ó wọlé.

"Kí ni dókítà wí?" ni Màmá bi í.

"Ó ní ẹ máa gbádùn, Màmá. Ìsinmi lẹ kàn nílò."

Màmá wò ó pẹ́. Wọ́n gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ṣọ́ọ̀bù kejì, lẹ́bàá ibùdókọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kó wá gbọ́ bí káńtà ṣe máa gùn tó. Ọmọ wọn ló di ìkángun kejì téèpù ìwọ̀n mú. Káfíńtà mọ̀, aládùúgbò ti sọ fún un, ilẹ̀ ló sì ń wò. Màmá bi ọmọ wọn pé, "Ṣé ètò yìí dáa?"

Ó ní, "Ó dáa gan-an, Màmá."

Màmá fi ọmọ mẹ́ta, àwọn ọmọ-ọmọ, àbúrò kan àti àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sáyé lọ. Àárọ̀ ọjọ́ tí àkọ́bí wọn ti pinnu pé òun á sọ òótọ́ fún wọn, ó gbé omi gbígbóná wọlé, ó bá wọn tí wọ́n ti dákẹ́. Ojú ń tì í, ojú sì ń ti gbogbo wa, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò mọ̀. Ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, kí a sì kà á sókè kí a tó dé pósí.

Màmá, dókítà ní ẹ ò ní dìde mọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kejì. A mọ̀, a ò sì sọ fún yín.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn re o, ìyá wa.