Ìyá Tí Wọ́n Ń Sin Ní Gbogbo Ọjọ́ Ẹtì

Buckeye Fork, Kentucky,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún.

Garvin ọmọ mi,

Ó dá mi lójú pé àlàáfíà lo wà, torí rédíò ń sọ bẹ́ẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ara tèmi náà le, bí ara òkú ṣe máa ń le. Mo bẹ Ọlọ́run kó máa ṣọ́ ẹ nínú Nashville tí o wà yẹn, kí ohùn rẹ má há, kí okùn gìtá rẹ má já níwájú èrò, kí oúnjẹ tí ò ń rà jẹ nínú bébà má dà ẹ́ nínú rú, kí ẹni tó máa tàn ẹ́ jẹ má mọ ilẹ̀kùn ilé rẹ. Àmín. Dewey àbúrò bàbá rẹ ní kí n kí ẹ. Màlúù náà kí ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ẹ́, ọmọ ọmọ èyí tí o mọ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mo ti fi fóònù Maxine, tó ń gbé lódìkejì odò, pè ẹ́ nígbà mẹ́ta. Obìnrin kan ló ń gbé e. Ó ní o ò sí nítòsí, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dáhùn, ó kàn ké pín-ín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ bí ẹni tí mo bú. Mo ní kó bá mi sọ fún ẹ pé mi ò tíì kú. Mo wá dúró kó lọ sọ ọ́ kó padà wá fún mi lésì, títí búrẹ́dì àgbàdo mi fi jó lórí iná. Nígbà kejì ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ, bí ẹni tí kò gbóhùn mi rí. Bó bá jẹ́ òun lo fẹ́ fi ṣaya, mi ò ní di ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Nílé níbí, ẹ̀wà ti yọ, òjò pọ̀, orúnkún Dewey tún ti wú, ó ní ojú ọjọ́ ló fà á, èmi ní ìjókòó ló fà á. Ọjọ́ Àìkú tó máa kẹ́yìn oṣù yìí la ó tún gun òkè lọ tún ibojì ṣe, ká ro koríko, ká gbé òdòdó lé àwọn ẹni wa lórí, ká tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ká jẹun. Orí ti Hobart bàbá rẹ ni koríko pọ̀ sí jù. Ọdún mẹ́fà rèé tí a ti sin ín, o ò tíì padà débẹ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ fáwọn èèyàn pé iṣẹ́ ò fún ẹ láyè. Lọ́dún yìí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí gbogbo wọn ló ti gbọ́ iṣẹ́ náà báyìí.

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. O sì kú wàhálà ìsìnkú mi. Ọjọ́ tí orin yẹn kọ́kọ́ dún ní rédíò, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, mo sáré pe Dewey wọlé, a jókòó, a gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó wà nílé ìjọsìn. Ni o bá kọrin pé ìyá rẹ ti lọ. Dewey wò mí. Mo wo Dewey. Ó ní, Orlene, ṣé ó ń rẹ̀ ẹ́ ni.

Maxine ló là mí lóye. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe orin kọ́ńtírì nìyẹn, pé ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́dọ̀ bàjẹ́, ajá gbọ́dọ̀ sọnù, ìyá gbọ́dọ̀ kú, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè rí nǹkan sunkún lé lórí. Ó ní ọkọ̀ tìẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, o ò sì lájá. Ó wá ku èmi. Mo ní ó dáa, inú mi dùn pé mo wúlò fún nǹkan kan. Mi ò bínú, Garvin. Nǹkan méjì péré ló dùn mí. O ní aṣọ búlúù lẹ fi sin mí. Mi ò ní aṣọ búlúù, búlúù kì í yẹ mí, bàbá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. O tún wá ní bọ́tìnnì kan ti já kúrò lápá aṣọ náà. Èmi, tí mò ń bá ìdajì Buckeye Fork rán bọ́tìnnì. Obìnrin kan ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn bóyá ojú mi ti ń ṣú. Ti pé òjò rọ̀, tí ọkọ̀ òkú rì sẹ́rẹ̀, tí ọkùnrin mẹ́fà fi èjìká gbé mi gun òkè, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ta la sin níbí lásìkò òjò tí ọkọ̀ rẹ̀ kò rì. Ṣùgbọ́n ò bá ti dín bí o ṣe ní mo wúwo tó kù díẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìbátan Maxine kan tó ti pẹ́ tó rí mi gbẹ̀yìn gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n fi oyin sun wá sílé ọ̀fọ̀. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí títí. Ó ní, Orlene, wọ́n ní o ti lọ. Mo ní mo ti dé. Ó fẹ́ rọra máa gbé itan rẹ̀ padà, èmi náà ti di ìdí àwo mú, mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ọ̀fọ̀ tó bá ti wọlé, ó ti wọlé nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi jẹ ẹ́. Ó dùn, iyọ̀ ló pọ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Maxine gbé fóònù wá pé kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń jó sí orin ikú mi káàkiri ayé. Mo kọ́kọ́ ya irun mi, mo sì bọ́ aṣọ ìdáná kúrò lọ́rùn, torí mi ò fẹ́ kí àwọn àlejò bá mi bẹ́ẹ̀. Àwọn bí ogójì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan nílùú òkèèrè, tàwọn ti àkẹtẹ̀ lórí àti búùtù lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn ń gbé ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń fà á yọ bí ẹni tí ẹrẹ̀ dì mú. Mo kí wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní kí wọ́n má dára wọn lágara, ara mi ti yá. Wọ́n ń jó lọ. Maxine ní nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn ni iye èèyàn tó ti wò ó, mílíọ̀nù mọ́kànlá. Ó ní àwa náà ò kẹ̀yìn, pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, agogo méje, ni wọ́n ń jó o ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná wa níbí. Garvin, mílíọ̀nù mọ́kànlá èèyàn ló gbọ́ pé mo kú, itan ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo ló wọlé.

Àwọn tó ń bá ẹ gbé orin jáde náà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fi fọ́tò mi sínú fíìmù orin náà. Bébà mẹ́rin gbáko. Mo lo awò, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Níbì kan, wọ́n ní kí ẹni tó wà nínú fọ́tò fọwọ́ sí i. Nísàlẹ̀, wọ́n ní bí ẹni náà bá ti kú, kí ìbátan rẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí méjèèjì, kí wọ́n má bàa ní mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ikú, mo kọ ọ́ pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì, agogo méje alẹ́, àyàfi bí yìnyín bá bolẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kí ìbátan sọ bó ṣe mọ òkú, mo kọ ọ́ pé a jọ dàgbà ni.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tọkọtaya kan wa ọkọ̀ wá láti Ohio, ìrìn wákàtí mẹ́rin, wọ́n ń wá ibojì ìyá inú orin, wọ́n gbé òdòdó dání. Wọ́n ti rìn jìnnà jù, ojú tì mí láti sọ pé èmi ni. Mo fún wọn ní kọfí, mo mú wọn gun òkè, kò kúkú sí ibojì tuntun kan níbẹ̀, ni mo bá dúró nídìí ti bàbá rẹ. Obìnrin náà gbé òdòdó lé e, ó nu ojú, ó ní ìyá yìí á mà ṣèèyàn o. Mo ní ó gbìyànjú, ẹnu rẹ̀ ló pọ̀. Ọkọ rẹ̀ wo òkúta, ó ní, Hobart kẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ obìnrin lórúkọ níbí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ará Ohio ti wá gbé òdòdó sórí bàbá rẹ, Garvin. Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Maxine wá wọ́ èmi àti Dewey lọ sí ibi ijó náà. Dọ́là márùn-ún ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà fún títún ọkọ̀ panápaná ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó ní òkú kì í san. Wọ́n tò mí sí ìlà kejì pẹ̀lú bàtà òjò mi. Maxine ló ń pe ẹsẹ̀ níwájú. Ó ní ọ̀tún, ọ̀tún, fà á yọ, yí padà. Ó ní, Orlene, ọ̀tún rẹ dà, ṣé èyí lọ̀tún. Nígbà tí mo tẹ ẹsẹ̀ èèyàn kejì mọ́lẹ̀, ó ní, obìnrin yìí, ìsìnkú ara ẹ lò ń dà rú yìí o. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Orin yẹn dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní rédíò mi ò fiyè sí i, mo rò pé rédíò ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n nínú ijó, bó bá ti dákẹ́, gbogbo èèyàn á dúró sójú kan, wọ́n á ṣí àkẹtẹ̀, wọ́n á gbé e lé àyà, wọ́n á ka mẹ́rin nínú, kí wọ́n tó tún gbéra. Ní ìdákẹ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi ni mò ń wá. Ní ìkejì, mo rí i pé èjìká òsì Dewey ti rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó gbé nǹkan. Ó rọra ní, Orlene, a ti dé ìdí igi ńlá yẹn.

Mo mọ ibi tó ń wí. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, ẹnu géètì lẹ ti kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sinmi, lẹ́yìn ìyẹn ìdí igi ńlá, lẹ́yìn ìyẹn ibi òkúta pẹlẹbẹ. Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ gbé e, Dewey wà níwájú lápá òsì, ìwọ wà lẹ́yìn. Nígbà tí ìdákẹ́ kẹta fi máa dé, mo ti mọ ẹni tí à ń gbé.

Kóòtù búlúù la fi sin ín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wá bọ́tìnnì tó já lápá rẹ̀ títí, mi ò rí i, mi ò sì ní irú rẹ̀ nílé, mo wá fi ọwọ́ rẹ̀ kan bo èkejì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé kò sẹ́ni tó rí i. O ò sunkún lọ́jọ́ náà, o ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, o gbé e dé òkè, o wọ ọkọ̀ rẹ kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Mo bínú sí ẹ, mi ò ní parọ́. Mo ní ọmọ yìí ò rí nǹkan kan.

Mo ti rò ó láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo sì rò pé mo ti mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi lo pa. Bí o bá pa mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa dín ọ̀dùnkún láàárọ̀ Sátidé. Bàbá rẹ ò ní dìde. Nítorí náà, máa pa mí lọ, bó bá ń bọ́ ẹ. Mo ti sọ fún Maxine pé búlúù náà yẹ mí.

Mo fẹ́ kí o bá mi wá owó díẹ̀. Kì í ṣe fún ara mi, owó kí lòkú fẹ́ ná. Òkúta wẹ́wẹ́ ọkọ̀ méjì la nílò fún ọ̀nà orí òkè, kí ọkọ̀ rẹ tó ń dán yẹn má bàa rí nǹkan wí. Mo tún fẹ́ búùtù kan, ẹsẹ̀ mi ò tíì ju nọ́ńbà méje lọ, torí bàtà òjò mi ti ń dá àpá sí èèyàn lára. Wọ́n ní ẹ̀yin ará ìlú ńlá ń fi owó ránṣẹ́ nínú fóònù. Má dán an wò. Mo ti yẹ fóònù Maxine wò yípo, kò sí ihò tí owó lè gbà jáde lára rẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀nà dán fún ẹ, kí táyà rẹ má fọ́, kí oorun má kùn ẹ́ nídìí ọkọ̀, kí ohun tí o fi orin sọ wá rọrùn láti fi ẹnu sọ. Ọkọ́ bàbá rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti pọ́n ọn. Agogo mẹ́sàn-án la ó gbéra nílé. Bí o bá dé tí o kò bá wa, máa gun òkè bọ̀. Sinmi níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O mọ̀ wọ́n.

Èmi ni ìyá rẹ, tó wà láyé títí di ọjọ́ Ẹtì,
Orlene.